Bí orúkọ ìgbì ọpọlọ ṣe wọ kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn

Bí wọ́n bá gbé ẹni tí wárápá mú láti Ìkẹ́nnẹ́ wá sí Ṣàgámù, ohun tó wà nínú káàdì rẹ̀ lè má ju "ìgbì ọpọlọ rẹ̀ kò dára" lọ. Ìgbì ọpọlọ ni àmì iná tí ẹ̀rọ EEG ń gbà láti orí ènìyàn. Ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tó rí. Ẹni tó gba káàdì kò mọ̀. Bíi kóńgò gàrí ni: bí kóńgò Ìjẹ̀bú-Òde bá yàtọ̀ sí ti Ṣàgámù, ìṣirò ò lè bára mu.

Ẹ̀rọ ló ṣáájú orúkọ. Ní Jena, ní Jámánì, Hans Berger gba ìgbì iná láti orí ènìyàn ní 1924, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1929. Fún ọdún púpọ̀, oníkálukú ń lẹ irin mọ́ orí aláìsàn níbi tó wù ú, àfìgbà tí Herbert Jasper tẹ ìlànà 10-20 jáde ní 1958. Téèpù ni wọ́n fi ń wọn orí láti kòtò òkè imú dé kókó ìpàkọ́. Bó bá jẹ́ 36 sẹ̀ǹtímítà, ojú àmì àkọ́kọ́ wà ní 3.6, àwọn tó tẹ̀ lé e sì fi 7.2 jìnnà síra. Nínú orúkọ ojú àmì, nọ́ńbà tí kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba jẹ́ ti òsì, èyí tó ṣeé pín jẹ́ ti ọ̀tún. Bí wọ́n bá sún irin sẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí ṣùkú orí obìnrin, orúkọ ojú ibẹ̀ ti di irọ́. Ẹ tú irun náà.

Orúkọ ìgbì fúnra rẹ̀ ló fa ìjà jù. Ní 1964, Chatrian àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pe ìgbì kan tó ń padà wá lápá kan orí ní PLED, ìyẹn periodic lateralized epileptiform discharges. Lẹ́tà E inú rẹ̀, epileptiform (tó jọ ti wárápá), ti dájọ́ wárápá kí ẹnikẹ́ni tó yẹ aláìsàn wò. Bákan náà ni "triphasic waves", ìgbì onípele mẹ́ta: ẹni tó bá ti gbọ́ ọ, ẹ̀dọ̀ ló ń wò. Nínú ẹ̀dà 2012 ti ìwé ìlànà orúkọ ìgbì rẹ̀, ACNS, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ àyẹ̀wò iṣan àti ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, yọ ìdájọ́ kúrò nínú orúkọ: ẹ sọ ibi tó wà, kẹ́ ẹ tó sọ bó ṣe rí. PLED di LPD, ìyẹn lateralized periodic discharges. Ìgbì náà gbọ́dọ̀ padà wá tó ẹ̀ẹ̀mẹfà kó tó gba orúkọ náà. Iye rẹ̀ náà ní ìwọ̀n: tí kò bá tó 1% àkókò àyẹ̀wò, "rare" (ọ̀wọ́n) ni, láti 90% sókè, "continuous" (àìdáwọ́dúró). Lójú tiwa, èyí ló wúlò jù nínú gbogbo ìtàn yìí.

EDF, irú fáìlì tí wọ́n fi ń tọ́jú ìgbì sínú kọ̀ǹpútà, dé ní 1992, SCORE, ìlànà fún kíkọ ìròyìn EEG, sì tẹ̀ lé e ní 2013. Pẹ̀lú SCORE, dókítà ń yan ọ̀rọ̀ láti inú àkójọ. Ohun tó yàn ló ń di ìròyìn, òun náà ló ń wọ àpamọ́.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n fún dókítà ní àyè òfìfo lásán nínú àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan á kọ PLED, òmíràn LPD, ẹnìkẹta LPDs. Ẹni tó bá wá ọ̀kan kò ní rí méjì yòókù. Ẹ fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní kóòdù, kẹ́ ẹ kọ ọdún ẹ̀dà ìlànà ACNS mọ́ ọn, 2012 tàbí 2021. Ẹ má jẹ́ kí kọ̀ǹpútà yí orúkọ àtijọ́ padà sí tuntun fúnra rẹ̀. Ènìyàn ni kó tún ìgbì yẹn kà.

Agogo ńkọ́? Bí iná bá lọ tó sì dé, agogo ẹ̀rọ EEG lè má bá ti kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn mu mọ́. Ìyàtọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó láti mú kó dà bíi pé nọ́ọ̀sì fún aláìsàn ní oògùn kí gìrì tó mú un.