Ahoro Kolmanskop: ṣé yanrìn ló lé àwọn ará ìlú lóòótọ́?

Àwòrán kan ń ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì lórí WhatsApp: yàrá tí ògiri rẹ̀ ṣì ní ọ̀dà, tí yanrìn sì kún inú rẹ̀ débi pé ilẹ̀kùn kò ṣeé tì mọ́. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé òru ọjọ́ kan ṣoṣo ni ìjì lé gbogbo ìlú. Àwọn ìbéèrè tí ẹ bi wá rèé.

Níbo ni?
Kolmanskop, nínú aṣálẹ̀ Namib, nítòsí èbúté Lüderitz ní Nàmíbíà.

Kí ló gbé èèyàn débẹ̀?
Dáyámọ́ǹdì. Rélùwéè ló kọ́kọ́ dé ṣá. Lọ́dún 1908, nígbà tí Jámánì ń ṣàkóso ibẹ̀, òṣìṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Zacharias Lewala ń kó yanrìn kúrò lójú irin, ló bá rí òkúta kan tó ń dán. Ó mú un fún ọ̀gá rẹ̀, August Stauch. Stauch gba ìwé àṣẹ ìwakùsà, ó di ọlọ́rọ̀. Lewala kò rí kọ́bọ̀ gbà. (Owó náà kò bá Stauch kalẹ́, òtòṣì ló kú ní 1947.)

Ta ló tẹ́ ojú irin ọ̀hún?
Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ síbí, torí wọ́n sábà máa ń fò ó. Láàárín 1904 sí 1908, Jámánì ń bá àwọn Herero àti Nama jagun. Àwọn tí wọ́n mú lẹ́rú ogun, tọkùnrin tobìnrin, ni wọ́n há mọ́ Shark Island ní Lüderitz, nínú ebi àti atẹ́gùn òkun. Àwọn ni wọ́n kó lọ tẹ́ irin náà. Láti oṣù kìíní 1906 sí oṣù kẹfà 1907, 2,014 ló ṣiṣẹ́ níbẹ̀; 1,359 kú. Bí ẹnikẹ́ni bá ní Jámánì ló ṣe rélùwéè yẹn, ẹ bi í pé ọwọ́ ta ni wọ́n fi ṣe é. Ní 2021, ìjọba Jámánì fẹnu ara rẹ̀ pè é ní ìpẹ̀yàrun.

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n jayé níbẹ̀?
Àwọn òyìnbó jayé: gbọ̀ngàn ijó, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe yìnyín, omi tí ọkọ̀ òkun ń gbé wá láti Cape Town. Ilé ìwòsàn wọn ní X-ray. Egungun nìkan kọ́ ni wọ́n ń fi í wò o, wọ́n ń fi wo ikùn òṣìṣẹ́ pé kò gbé dáyámọ́ǹdì mì. Àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú ní tiwọn ń dojú bolẹ̀ lórí yanrìn, wọ́n ń wọ́ lọ ní ìlà, wọ́n ń ṣa òkúta sínú agolo.

Yanrìn wá ńkọ́?
Irọ́ ni pé òun ló lé wọn. Lọ́dún 1928 ni wọ́n rí dáyámọ́ǹdì tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní gúúsù, lẹ́bàá odò Orange. Ilé iṣẹ́ kó lọ síbẹ̀, èèyàn ń tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀, àwọn tó kẹ́yìn kúrò ní 1956. Ìgbà tí kò sẹ́ni tí yóò gbálẹ̀ mọ́ ni yanrìn wọlé.

Ṣé mo lè lọ wò ó?
Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ó gba ìwé ìyọ̀ǹda. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ, kí atẹ́gùn tó gbéra, kẹ́ ẹ sì ṣọ́ra fún pákó ilẹ̀ tó ti jẹrà.

Bí mo bá rí dáyámọ́ǹdì ńlẹ̀?
Ẹ fi sílẹ̀. Ní Nàmíbíà, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin kéèyàn ní dáyámọ́ǹdì tí wọn kò tíì gé lọ́wọ́ láìgba àṣẹ.

Ẹnì kan ní òun ní ti Kolmanskop fún títà.
Bó bá jẹ́ ayédèrú, owó yín lọ. Bó bá jẹ́ ojúlówó, ẹ̀yin gan-an lè lọ sẹ́wọ̀n.