Bí Ìrántí Ọjọ́ Kẹwàá Oṣù Keje Ṣe Bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀

Àṣà Yorùbá kò ṣètò ìrántí ọlọ́dọọdún fún ẹni tó kú ní èwe. Bí àgbàlagbà bá kú, àwọn ọmọ á sin ín, wọ́n á ṣe ọjọ́ mẹ́jọ, wọ́n á ṣe ogójì ọjọ́, bí ọdún bá sì yí po, wọ́n lè tún pa màlúù kí wọ́n sì dá aṣọ ẹbí. Òkú ọ̀fọ̀ kò ní irú ètò bẹ́ẹ̀. Wọ́n á yára gbé e sin, àwọn òbí kì í tẹ̀lé e dé ibojì, àwọn àgbà ilé á sì máa ṣọ́ ẹnu wọn kí wọ́n má baà dárúkọ ẹni náà létí ìyá rẹ̀, nítorí wọ́n gbà pé bí a bá ń pe orúkọ ọmọ tó lọ, ojú ọgbẹ́ là ń ṣí. Nítorí náà, ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń ṣe ní ọjọ́ 10 oṣù Keje lọ́dọọdún tó ohun tí à ń tọ pinpin ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ́ márùn-ún tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn pa nínú ọgbà náà ní ọdún 1999 ni wọ́n ń rántí, gbangba ni wọ́n ti ń pe orúkọ wọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wọn ló sì dá a sílẹ̀ láìdúró de ẹbí tàbí ìjọba.

Ilé-Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ mọ ọmọ kan tí kò bọ́ sínú ìgbàgbé. Nígbà tí Mọremí fi Olúorogbo ọmọ rẹ̀ san ẹ̀jẹ́ fún odò Ẹ̀sìnmìrìn lẹ́yìn tí Ifẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ àwọn Ùgbò, ìlú kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parẹ́. Ọdún Ẹdì ni wọ́n fi ń rántí rẹ̀ dòní, orúkọ Mọremí sì wà lára ilé ìbùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ní yunifásítì náà. N kò sọ pé inú Ẹdì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti mú ètò tiwọn. Ibi tí wọ́n ti mú un sún mọ́ wọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, inú ìtàn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 1971, ọta ìbọn ọlọ́pàá pa Kúnlé Adépéjù nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn ń fẹ̀hónú hàn nínú ọgbà wọn, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ ilé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ káàkiri Nàìjíríà ti mọ bí a ṣe ń gbé orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ tó kú sókè níwájú ìjọba tó ni ìbọn. Ohun tó yàtọ̀ nínú ti Ifẹ̀ ní ọdún 1999 ni pé ọ̀dọ́ bíi tiwọn ló yin ìbọn náà.

Ẹ jẹ́ ká rántí bí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òkùnkùn ṣe dé inú ọgbà ẹ̀kọ́. Ní ọdún 1952, Wọlé Ṣóyínká àti àwọn mẹ́fà mìíràn dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì tó wà ní Ìbàdàn, ẹgbẹ́ náà kò sì ní ọwọ́ ìpànìyàn nínú. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn jáde lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn ọ̀rúndún ogún, lábẹ́ ìjọba ológun, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kó àáké àti ìbọn, wọ́n sì ń pa ara wọn, wọ́n ń halẹ̀ mọ́ olùkọ́, wọ́n ń fi ipá bá ọmọbìnrin lò. Ìjọba ológun gbé òfin kalẹ̀ ní ọdún 1989 tó ka ẹgbẹ́ òkùnkùn léèwọ̀ nínú ilé ẹ̀kọ́ gíga, ṣùgbọ́n orí ìwé nìkan ni òfin náà wà. Ní Ifẹ̀, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ló dúró bí ìdènà. Ibi tí ọ̀tá ti wọlé kò ṣòro láti rí.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta ọdún 1999, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ká àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn mélòó kan mọ́ inú bọ́ìsì kọ́tà kan ní àdúgbò tí àwọn òṣìṣẹ́ yunifásítì ń gbé. Wọ́n bá ìbọn àti ohun ìjà mìíràn lọ́wọ́ wọn. Wọn kò dá sẹ̀ríà fún wọn fúnra wọn. Wọ́n fà wọ́n lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, wọ́n sì ń retí pé òfin yóò ṣe tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi tú àwọn tí wọ́n mú náà sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ìdí tí ìrántí oṣù Keje fi gbóná tó bẹ́ẹ̀, oṣù Kẹta ni kó kọ́kọ́ wò. Ìbànújẹ́ nìkan kọ́ ló wà nínú ẹ̀dùn ọkàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyẹn. Wọ́n ti kìlọ̀, wọ́n ti mú ẹlẹ́ṣẹ̀, wọ́n ti ṣe ohun tí ará ìlú rere yẹ kó ṣe, ohun tí wọ́n sì rí gbà ni ikú.

Òru Sátidé, ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 1999, ni ó ṣẹlẹ̀. Ìjọba alágbádá kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ lórí oyè, nítorí ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ni àwọn ológun gbé àga sílẹ̀, gbogbo ènìyàn sì rò pé ọ̀rọ̀ ìbọn ti parí nílẹ̀ yìí. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta sí aago márùn-ún òru, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn Black Axe tó tó bí ogójì wọ ilé ìbùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́kùnrin tó ń jẹ́ orúkọ Awólọ́wọ̀, tí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ń pè ní Awo. Àwọn olórí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń wá kiri. Ààrẹ ẹgbẹ́ náà, Lánre Adélékè, tí wọ́n ń pè ní Legacy, rí ọ̀nà sá àsálà. Akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ náà kò rí ọ̀nà.

George Yẹmí Ìwíladé ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún 21, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ òfin. Afrika ni gbogbo ọgbà mọ̀ ọ́n sí. Nínú ọgbà tí wọ́n fi orúkọ Áńgólà àti Mòsáḿbíìkì sọ ilé ìbùgbé akẹ́kọ̀ọ́ nítorí ìjà òmìnira àwọn orílẹ̀-èdè wọ̀nyẹn, irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àpèwò. Àwọn mẹ́rin tó kù ni Eviano Ekelemu, tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, Babátúndé Òkè, tó wà ní ọdún kìn-ín-ní nínú ẹ̀kọ́ fìlọ́sọ́fì, Yẹmí Ajíterú, àti Godfrey Ekpede. Àwọn mìíràn fara gbọgbẹ́. Ẹ ṣàkíyèsí orúkọ wọn: ọmọ Yorùbá wà níbẹ̀, ẹni tí kì í ṣe Yorùbá wà níbẹ̀, àti ẹni tó di ipò mú nínú ẹgbẹ́ àti ẹni tí kò di ipò kankan mú. Ọmọ ọdún kìn-ín-ní kò tíì dúró pẹ́ nínú ọgbà débi tí yóò ní ọ̀tá. Ìyẹn jẹ́ kí olúkúlùkù akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé òun náà ì bá wà nínú wọn, láti inú ìmọ̀lára yẹn ni ìrántí náà sì ti hù.

Nàìjíríà kò tíì ní fóònù alágbèéká tí gbogbo ènìyàn lè rà nígbà náà, nítorí ọdún 2001 ni GSM dé. Ẹnu sí ẹnu, rédíò, ìwé ìròyìn àti ọkọ̀ èrò ni ìròyìn gbà jáde ní Ifẹ̀. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kó ara wọn jọ, wọ́n ń wá àwọn apànìyàn náà kiri, wọ́n ń pe àwọn aláṣẹ sí ìjíhìn. Ìjọba àpapọ̀ gbé gíwá yunifásítì náà kúrò lórí ipò, wọ́n sì fi Ọ̀jọ̀gbọ́n Roger Makanjuola rọ́pò rẹ̀, ẹni tó jẹ́ oníṣègùn ọpọlọ, tó sì ti darí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ yunifásítì náà. Mo ka yíyàn yẹn sí ohun tó bá àkókò mu, nítorí ilé ẹ̀kọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ nílò ẹni tó mọ ohun tí ìbẹ̀rù ń ṣe nínú ọkàn ọ̀dọ́. Ìjọba tún pàṣẹ fún àwọn gíwá yunifásítì jákèjádò orílẹ̀-èdè pé kí wọ́n fòpin sí ẹgbẹ́ òkùnkùn.

Àṣẹ ìjọba máa ń tutù bí oṣù bá ti gorí oṣù. Èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dá sílẹ̀ fúnra wọn kò tutù. Lọ́dọọdún láti ìgbà náà, bí ọjọ́ náà bá pé, wọ́n á wọ aṣọ dúdú, wọ́n á tan àbẹ́là, wọ́n á tò kọjá láàárín ọgbà pẹ̀lú orin ìjà wọn, wọ́n á pe orúkọ àwọn márùn-ún náà, ẹni tó mọ ìtàn náà á sì sọ ọ́ fún ẹni tí kò mọ̀. Kò sí oúnjẹ, kò sí ìlù ayẹyẹ. Wọn kò ṣe é bí ìsìnkú àgbà, wọn kò sì ṣe é bí òkú ọ̀fọ̀ tí a ń fi ọwọ́ bò mọ́lẹ̀. Mo gbà pé ibi tí wọ́n ti ya ara wọn kúrò nínú àṣà nìyẹn. Nínú ilé, ìdákẹ́jẹ́ lè dáàbò bo ìyá tó ń ṣọ̀fọ̀, àánú sì ló wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọgbà ẹ̀kọ́, apànìyàn ni ìdákẹ́jẹ́ ń dáàbò bò. Láàárín ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wà nínú ọgbà á ti jáde, àwọn mìíràn á sì ti wọlé. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ ìtàn náà fún àwọn tuntun, ìran kan péré ti tó láti pa á rẹ́.

Nítorí náà ni ó ṣe jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, jambite tí kò tíì mọ ọ̀nà yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ dáadáa, máa ń gbọ́ orúkọ Afrika kí oṣù mélòó kan tó kọjá lórí rẹ̀. Ìkìlọ̀ wà nínú rẹ̀ fún un: bí wọ́n bá pè ọ́ sí ìpàdé òru, má lọ, bí o bá rí ohun tí kò yé ọ, sọ ọ́ síta. Àwọn tó ń gbé àbẹ́là lónìí kò tíì sí láyé ní ọdún 1999, síbẹ̀ wọ́n ń bínú bí ẹni pé ojú wọn ló ṣe. Nígbà tí àwọn aláṣẹ da iṣẹ́ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ dúró ní ìparí ọdún 2017, orúkọ àwọn márùn-ún náà kò tìtorí bẹ́ẹ̀ kúrò lẹ́nu àwọn ọmọ ọgbà, nítorí ìrántí náà ti tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ti jáde, tí wọ́n wà ní Èkó, ní Àbújá àti lókè òkun.

Ohun méjì ni mo rí tó kù nílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ti ẹjọ́. Wọ́n mú àwọn kan, wọ́n kó wọn dé iwájú adájọ́, ọ̀rọ̀ náà kò sì já sí ìdájọ́ ẹ̀bi fún ẹnikẹ́ni lórí ikú àwọn márùn-ún yìí. Àwọn tó yin ìbọn, tí wọ́n bá ṣì wà láyé, ti di bàbá ọlọ́mọ níbìkan. Àwọn òbí àwọn tó kú sì ń dàgbà lọ láìgbọ́ ìdájọ́.

Èkejì ni ti àwọn tí ọta ìbọn bà tí wọn kò kú. Ọmọ ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ọ̀pọ̀ wọn nígbà náà; wọ́n ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún báyìí, àwọn mìíràn sì ti kọjá rẹ̀. Ètò ìrántí náà, bó ṣe dára tó, orí àwọn tó lọ ló dá lé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, nítorí orúkọ wọn ni ìbínú ọjọ́ àkọ́kọ́ kọ́kọ́ gbá mú. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti yunifásítì jọ wá àwọn tó fara gbọgbẹ́ náà rí, kí wọ́n gba ìtàn wọn sílẹ̀ lẹ́nu wọn bí wọ́n bá fẹ́ sọ ọ́, kí wọ́n bi wọ́n bí ara wọn àti ọkàn wọn ṣe rí, kí wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún wọn nínú ètò ọjọ́ náà nígbà tí wọ́n ṣì lè dìde dúró láti dáhùn sí orúkọ tiwọn.