Ìjàpá Tó Ń Wá Owó Àánú: Bí Rálì Ọkọ̀ Àtijọ́ Ṣe Ń Lọ

Ìjàpá inú àlọ́, ahun ni. Kọ́bọ̀ rẹ̀ kì í jáde fún ẹlòmíì. Ìjàpá onítáyà mẹ́rin yàtọ̀. Volkswagen yẹn, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò l'Ékòó ní 1975, àti Peugeot 504 tí Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í tò lọ́dún kan náà, ni irú ọkọ̀ tí rálì àánú, ìyẹn ìrìn ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kówó àánú jọ, ń wá. FIVA, ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ àtijọ́ lágbàáyé, ní ọkọ̀ gbọ́dọ̀ pé ọdún 30 ó kéré tán, kó sì wà ní ipò tó bá ìtàn rẹ̀ mu. Ìjàpá tí wọ́n ti gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mìíràn sí nínú, ojú lásán ló fi jọ Ìjàpá.

Eré ta ló máa kọ́kọ́ dé kọ́ ni. Àkókò ni wọ́n ń ṣọ́. Ká ní apá kan ọ̀nà jẹ́ kìlómítà 20, tí wọ́n sì ní kí ọkọ̀ máa rin kìlómítà 40 ní wákàtí kan: ọkọ̀ tó gbéra ní 8:10 gbọ́dọ̀ yọ sí ọ̀dọ̀ alákòókò ní 8:40. Ẹni tó dé ní 8:43 yóò pàdánù máàkì. Ẹni tó dé ní 8:36 náà yóò pàdánù. Ibẹ̀ ni ara ti máa ń ta àwọn dírẹ́bà tó fẹ́ràn eré àsápajúdé.

Ọ̀nà márosẹ̀ Ṣágámù sí Benin kò wá yẹ fún un. Ọkọ̀ tó ń rin 40 láàárín tírélà àti táńkà ń pe ìjàǹbá ni. Ọ̀nà àárín ìlú ló dára, láti Ìjẹ̀bú-Òde gba Òdogbolú lọ sí Ìkẹ́nnẹ́. Kí wọ́n má sì fi í sí ọjọ́ kẹta Iléyá, torí Ojúde Ọba ló ni ìlú lọ́jọ́ yẹn. Ẹṣin ò ní yà fún Ìjàpá.

Ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà ló ń ka ìwé ọ̀nà. Bá a bá béèrè ọ̀nà lọ́dọ̀ọ́ wa, wọ́n á ní ẹ yà sí ọ̀tún níbi tí wọ́n ti ń dín àkàrà. Tó bá di ọ̀sán, alákàrà ti re'lé. Ìwé rálì kì í gbẹ́kẹ̀ lé alákàrà: iye kìlómítà ni yóò kọ, yóò wá ya àwòrán oríta náà. Àmì roboto kékeré ni ibi tí ọkọ̀ ti ń bọ̀, ọfà ni ibi tó ń lọ. Rálì Túlípù ní Nẹ́dálándì, tí wọ́n ti ń ṣe láti 1949, ni àwòrán yìí ti gba orúkọ òdòdó túlípù. Nítorí pé mítà ọkọ̀ àtijọ́ máa ń parọ́, wọ́n á kọ́kọ́ fún gbogbo ọkọ̀ ní ọ̀nà kan tí wọ́n ti wọ̀n sílẹ̀, kí kálukú mọ bí tirẹ̀ ṣe ń parọ́ tó.

Mẹkáníìkì a máa tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn pátápátá. Ìjàpá kò ní radiétọ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó wà lẹ́yìn, fáànù ló sì ń fẹ́ ẹ. Bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló ń yí fáànù àti jẹnẹrétọ̀ pọ̀. Bó bá já, iná pupa á tàn lójú dírẹ́bà, ọkọ̀ á sì ṣì máa lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ẹni tó bá ní òun á rọra lò ó dé iwájú díẹ̀, ẹ́ńjìnnì ló fẹ́ rà. Kó dúró lójú ẹsẹ̀. Bẹ́líìtì tuntun àti sípánà nínú búùtù, iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

Owó ńkọ́? Apẹ̀rẹ̀ méjì ni. Owó ìforúkọsílẹ̀ ni wọ́n fi ń ra oúnjẹ (ìkòkorè ò gbọdọ̀ wọ́n), san owó ọkọ̀ afàkọ̀, tẹ ìwé ọ̀nà. Owó olóore ń lọ tààrà sí ilé ìwòsàn tàbí ilé ọmọ aláìlóbìí. Ẹgbẹ́ tó bá da méjèèjì pọ̀, tó wá fi ra aṣọ ẹgbẹ́, òde ìnáwó ló ṣe.

Ìlérí olóore sábà máa ń jẹ́ lórí kìlómítà. Ọkọ̀ tí wọ́n fà dé Ìkẹ́nnẹ́ kò ní máàkì, àmọ́ ibi tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé, alákòókò ti kọ ọ́ sínú káàdì. Ẹni tó ṣèlérí ₦500 lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan, tí ọkọ̀ sì rin 18 kó tó kú, ₦9,000 ló jẹ.