Kí Ẹ Tó Ra Pickup Oníná, Ẹ Kọ́kọ́ Wo Ibi Tí Yóò Máa Sùn

Àwọn tó máa ń pè mí wá wo iná ilé wọn kí wọ́n tó ra ọkọ̀ pickup tó ń lo iná mànàmáná sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbéèrè kan náà: máìlì mélòó ni yóò rìn kí bátìrì rẹ̀ tó tán? Ìbéèrè tó bójú mu ni, àmọ́ n kì í tètè dáhùn rẹ̀. Mo máa ń kọ́kọ́ béèrè tèmi pé, “Ẹ̀gbọ́n, níbo ni ọkọ̀ yìí yóò máa sùn?” Láti ìgbà tí mo ti ń fa wáyà, tí mo sì ń gbé ẹ̀rọ ìṣáàjì kọ́ ara ògiri fáwọn èèyàn, mo ti rí i pé ẹni tó bá mọ iye iná tó ń dé ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ ń sùn kì í fi bẹ́ẹ̀ kábàámọ̀ èyí tó bá rà nínú wọn. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kódà kó ra èyí tó wọ́n jù lọ, kò ní pẹ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn.

Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń ṣe àwọn ọkọ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn, ibẹ̀ náà ló sì pọ̀ sí jù, nítorí náà iná ilé Amẹ́ríkà, ìyẹn fólítì 120 àti 240, ni n ó fi ṣe ìṣirò, n ó sì fi máìlì ka ọ̀nà.

Ohun méjì wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń dà pọ̀. Kìlówáàtì-wákàtì, tí a ń kọ ní kWh, ni iye iná tí bátìrì lè gbà, bí ìgbà tí a bá ń sọ iye omi tí táǹkì kan ń gbà. Kìlówáàtì lásán, tí a ń kọ ní kW, ni bí omi náà ṣe ń yára wọlé tó látẹnu páìpù. Táǹkì ni àwọn tó ń ta ọkọ̀ máa ń pariwo, wọn kì í sì í bi yín nípa páìpù. Bẹ́ẹ̀, bí táǹkì bá ṣe ń tóbi sí i tí páìpù kò yí padà, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa pẹ́ sí i kó tó kún.

Sókẹ́ẹ̀tì tí a ń ki fìtílà tàbí tẹlifíṣọ̀n bọ̀ nínú ilé, fólítì 120 ni, kò sì yẹ kó máa gbé ju ámpù 12 lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Fólítì ni agbára tó ń ti iná, ámpù sì ni iye iná tó ń ṣàn; bí a bá sọ méjèèjì di púpọ̀ pẹ̀lú ara wọn, tí a sì fi 1,000 pín in, kìlówáàtì 1.4 nìyẹn. Pickup tó ń sáré lójú ọ̀nà márosẹ̀ máa ń jẹ nǹkan bí 1 kWh ní máìlì 2, apá kan iná tó ti ara ògiri jáde sì máa ń di ooru lọ́nà kó tó dénú bátìrì, nítorí náà wákàtí kan lórí sókẹ́ẹ̀tì yìí kò fún yín ju máìlì 2 sí 3 lọ. Bí ọkọ̀ bá fi wákàtí 10 sùn sídìí rẹ̀, máìlì 25 ni ẹ óò bá láàárọ̀. Ó lè tó ẹni tó ń gbé ẹ̀bá ibi iṣẹ́ rẹ̀. Kò lè tó ẹni tó ń fi ọkọ̀ náà wá jíjẹ mímu.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni fólítì 240. Bí mo bá fa wáyà tó lè gbé ámpù 48, ẹ ó rí kìlówáàtì 11.5, èyí tó ń fi nǹkan bíi máìlì 20 kún ọkọ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ó gbọ́dọ̀ ní bíréékà (ohun tó ń gé iná bó bá ti pọ̀ jù) ámpù 60, nítorí òfin iná mànàmáná ní kí iná tó ń ṣàn fún wákàtí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ má kọjá ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí bíréékà lè gbé. Àwọn ẹ̀rọ ìṣáàjì kan wà tó ń gbé ámpù 80, ìyẹn kìlówáàtì 19.2, àmọ́ bíréékà ámpù 100 ni wọ́n ń fẹ́. Ilé tó jẹ́ pé ámpù 100 náà ni gbogbo iná tó ń wọ inú rẹ̀ kò lè gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe nírú ilé bẹ́ẹ̀ ni pé mo máa ń fi ohun èlò kan sí i tó ń ṣọ́ iye iná tí ilé ń jẹ, tó sì ń dín ti ọkọ̀ kù nígbà tí ẹ̀rọ amúlétutù tàbí ẹ̀rọ ìdáná bá tàn, tí yóò sì dá a padà nígbà tí wọ́n bá kú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí mo fojú ara mi rí. Oníbàárà kan pè mí pé ọkọ̀ òun máa ń dẹ́kun gbígba iná láàárín òru, pé ó dá òun lójú pé ọkọ̀ náà ló níṣòro. Mo pa bíréékà, mo sì tú sókẹ́ẹ̀tì fólítì 240 tó ń lò kúrò lára ògiri. Etí ihò kan ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí aṣọ tí áyọ́ọ̀nù jó, súkúrù tó di wáyà mú ti tú díẹ̀, nígbà tí mo sì tẹ wáyà náà, rọ́bà ara rẹ̀ ń ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Kò sí ohun tó ṣe ọkọ̀ rárá. Ọkọ̀ náà ló ń mọ̀ pé ibẹ̀ ti gbóná jù, tó sì ń jáwọ́. Irú sókẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ìdáná tí a ń tàn fún wákàtí kan tàbí méjì ni wọ́n rò tí wọ́n fi ṣe é, wọn kò rò pé ẹnì kan yóò máa fi gbé iná tó pọ̀ fún wákàtí mẹ́jọ ní gbogbo òru. Nítorí náà, bí ẹ bá lè ṣe é, ẹ jẹ́ kí wọ́n so wáyà mọ́ ẹ̀rọ ìṣáàjì tààrà láìsí sókẹ́ẹ̀tì láàárín. Bí sókẹ́ẹ̀tì bá sì wà, ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn púlọ́ọ̀gì lẹ́yìn wákàtí kan. Kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kò burú, àmọ́ bí ẹ kò bá lè gbé ọwọ́ lé e pẹ́, ẹ lọ pa bíréékà, kẹ́ ẹ sì pe oníṣẹ́ iná.

Nígbà tí a bá ti mọ bí páìpù ṣe rí, a lè wá sọ̀rọ̀ táǹkì. Ford F-150 Lightning, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Dearborn ní ìpínlẹ̀ Michigan lọ́dún 2022, ní bátìrì oríṣi méjì: 98 kWh, tí EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, ka máìlì 230 sí lọ́rùn, àti 131 kWh, tí wọ́n ka máìlì 320 sí. Rivian R1T ló ṣáájú rẹ̀ dé ọwọ́ àwọn oníbàárà, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, pẹ̀lú bátìrì 135 kWh àti máìlì 314, wọ́n sì ti ṣe èyí tó lé ní máìlì 400 lẹ́yìn náà. Tesla Cybertruck jáde ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2023 pẹ̀lú bátìrì 123 kWh. Máìlì 325 ni wọ́n ka sí ọ̀kan tó ní mọ́tò méjì lọ́rùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi han aráyé lọ́dún 2019, wọ́n ní èyí tó ga jù nínú wọn yóò rìn ju máìlì 500 lọ. Chevrolet Silverado EV ló ní táǹkì tó tóbi jù nínú àwọn mẹ́rin yìí. Bátìrì èyí tó rìn jìnnà jù lé ní 200 kWh, EPA sì ka máìlì 492 sí ti ọdún 2025, àmọ́ ọkọ̀ náà wúwo ju pọ́n-ùn 8,000 lọ.

Ẹ wá fi páìpù ilé wọ̀n wọ́n. Lórí kìlówáàtì 11.5, Lightning tó ní bátìrì ńlá yóò kúrò ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún dé ìdá 80 láàárín nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ, ìyẹn oorun òru kan. Silverado yóò nílò bíi wákàtí 12 fún ìrìn kan náà. Lórí sókẹ́ẹ̀tì fólítì 120, ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni yóò fi wà nídìí ògiri. Ẹni tó bá ra bátìrì tó tóbi jù láìtún iná ilé rẹ̀ ṣe ti ra ohun tí kò ní lè kún.

Ní ibùdó tí wọ́n ti ń ṣáàjì kíákíá lójú ọ̀nà, ohun tó ń rú àwọn èèyàn lójú jù ni nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ. Ẹ ó rí 350 kW gàdàgbà, ọkọ̀ yín yóò sì máa gba 150. Ẹ rántí pé fólítì tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ámpù, tí a sì fi 1,000 pín, ni kìlówáàtì. Okùn ìṣáàjì ọ̀pọ̀ ibùdó kò lè gbé ju ámpù 500 lọ, nítorí náà ọkọ̀ tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi fólítì 400, bíi Lightning àti R1T, kò lè rí ju nǹkan bíi 200 kW lọ níbẹ̀, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ. Silverado máa ń to apá bátìrì rẹ̀ méjèèjì léra nígbà tó bá dé irú ibùdó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n lè di bíi fólítì 800, ìdí sì nìyẹn tó fi lè gba 350 kW. Fólítì 800 ni ti Cybertruck náà.

Àmọ́ ohun tó ga jù tí ọkọ̀ lè gbà kọ́ ni ohun tí yóò máa gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹni tó bá ti kó aṣọ sínú àpò rí mọ̀ ọ́n: nígbà tí àpò ṣófo, wìtìwìtì lèèyàn ń dà á sí i, àmọ́ bó bá ti ń sún mọ́ ẹnu, àfi kó máa kì í ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí bátìrì ṣe rí nìyẹn. Lightning kò ju nǹkan bíi 150 kW lọ ní òkè téńté rẹ̀, àmọ́ kì í tètè rẹ̀ ẹ́. Ford ní bátìrì ńlá náà ń kúrò ní ìdá 15 dé ìdá 80 láàárín ìṣẹ́jú 41, bí ẹ bá sì ṣírò rẹ̀, bíi 125 kW ló ń gbà ní ìpíndọ́gba. Cybertruck lè fi 250 kW bẹ̀rẹ̀, àmọ́ àwọn tó dán an wò nígbà tó kọ́kọ́ jáde rí i pé kì í pẹ́ tó fi ń já wálẹ̀, tó sì ń lo bíi ìṣẹ́jú 45 láti ìdá 10 dé ìdá 80. Ọkọ̀ méjì tí nọ́ńbà wọn jìnnà síra lórí ìwé ń jáde ní ibùdó ní àkókò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu. Nítorí náà, iye ìṣẹ́jú láti ìdá 10 dé ìdá 80 ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kí ẹ má ṣe béèrè kW tó ga jù. Bí ẹ bá wà lójú ọ̀nà jíjìn, ẹ má ṣe dúró de ìdá 100, torí ìdá 20 tó kẹ́yìn lè gba àkókò tó tó èyí tí ẹ ti lò ṣáájú.

Ẹnu okùn pàápàá lè dá ìyọnu sílẹ̀. Ford àti General Motors, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Chevrolet, kéde lọ́dún 2023 pé àwọn yóò máa lo irú ẹnu okùn tí Tesla ń lò, àwọn ọkọ̀ Ford sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí ààyè wọ ibùdó Tesla láti ìparí oṣù kejì ọdún 2024. Àmọ́ ẹ̀yìn lápá òsì ni ihò ìṣáàjì Tesla wà, wọ́n sì gé okùn wọn mọ́ ìyẹn. Iwájú lápá òsì ni ti Lightning àti R1T wà. Mo ti dúró ti Lightning kan tí awakọ̀ rẹ̀ fi ẹnu ọkọ̀ sún mọ́ ẹ̀rọ títí tó kù díẹ̀ kó gbá a, okùn náà sì le tantan kó tó kan ihò, ààyè ọkọ̀ méjì ló sì gbà. Bó bá jẹ́ pé ó ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù tẹ̀lé ara rẹ̀ ni, àfi kó kọ́kọ́ tú u sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí ibùdó tí ọkọ̀ lè gba iwájú wọ̀ kó sì gba òdìkejì jáde kò tíì pọ̀.

Ẹrù fífà ló ń ṣẹ́ ìrètí ọ̀pọ̀ èèyàn. Kẹ̀kẹ́ ẹrù tó ga tó sì fẹ̀ lè gé ìrìn ọkọ̀ sí ìdajì, afẹ́fẹ́ tó ń gbá a níwájú ló sì ń ṣe é ju ìwúwo rẹ̀ lọ. Àwọn ẹnjiníà General Motors wa Silverado EV kan fún máìlì 1,059 láìṣáàjì lọ́dún 2025, àmọ́ eré máìlì 20 sí 25 ní wákàtí ni wọ́n ń sá, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti lágbára lórí wọn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti Lightning onímáìlì 320: ìdajì rẹ̀ jẹ́ 160, láti ìdá 80 sí ìdá 10 nìkan ni ẹ sì ń lò láàárín ibùdó kan sí èkejì, èyí tó kù síbi máìlì 110. Ti Silverado yóò kù síbi 170. Bí òtútù bá tún mú, yóò dín sí i, bátìrì tó tutù kì í sì í gba iná kíákíá. Ẹ fi ibùdó tí ẹ ń lọ sínú máàpù ọkọ̀ fúnra rẹ̀, kó lè mọ̀ pé kí òun ti máa mú bátìrì gbóná ṣáájú kẹ́ ẹ tó dé.

Ní ti ìlò ojoojúmọ́, ìdá 80 ni kí ẹ máa dá a dúró sí, àyàfi bí bátìrì yín bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní LFP (bátìrì lithium tí wọ́n fi irin àti fọ́sféètì ṣe), tó fẹ́ kí a máa kún òun dé ìdá 100 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí òǹkà rẹ̀ má bàa ṣìnà.

Bí ẹ bá bi mí léèrè èyí tí mo fọwọ́ sí, ẹni tí kò rin ju máìlì 100 lọ lóòjọ́, tó sì ní fólítì 240 nílé, kò nílò bátìrì tó tóbi jù. Ford ti kéde ní oṣù kejìlá ọdún 2025 pé àwọn kò ní ṣe Lightning oníná pátápátá mọ́, nítorí náà àlòkù ni ọ̀pọ̀ yóò máa rà láti ìsinsìnyí lọ. Kí ẹ rí i dájú pé ẹ mọ èyí tó jẹ́ nínú bátìrì méjèèjì kí ẹ tó sanwó. Ẹni tó ń fa ẹrù lọ sọ́nà jíjìn léraléra, Silverado nìkan ni mo lè ní kó yẹ̀ wò, bí àkókò bá sì ká a lára gan-an, kó ṣì máa wa ọkọ̀ elépo rẹ̀. Ẹni tí kò ní ibi tí yóò ti máa rí iná lálẹ́, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ kó ní sùúrù ná.

Ẹ̀gbọ́n kan wà tí mo bi léèrè ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ yóò máa sùn, mo sì ní kó máa kọ iye máìlì tó ń rìn sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tó máa mú ìwé náà wá, ọjọ́ kan ṣoṣo ló rìn ju máìlì 70 lọ. A jọ ṣí àpótí bíréékà rẹ̀, a bá àyè méjì tó ṣófo níbẹ̀, mo sì fa wáyà ámpù 48 dé ibi tó ń gbé ọkọ̀ sí. Bátìrì kékeré ló rà.