Àtẹ tí ẹ ń wò nínú Jupyter kì í ṣe dátà yín

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, dátà náà rèé, ó pé pérépéré. Kí ló dé tó ń sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n?"

Àbúrò mi kan tó ń kọ́ Python ló pè mí lórí fídíò. Ó ṣí notebook Jupyter (ìwé orí kọ̀ǹpútà tí kóòdù àti èsì rẹ̀ jọ ń wà) tó lò lálẹ́ àná, àtẹ iye owó ọjà wà lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ìlà àti òpó tò lẹ́sẹẹsẹ. Ó wá tẹ df.head() kó lè rí ìlà díẹ̀ nínú df, orúkọ tó fún dátà náà, èsì tó rí gbà ni: NameError: name 'df' is not defined. Àtẹ wà, dátà ò sí.

Ohun tó gbà gbọ́ ni ọ̀pọ̀ wa gbà gbọ́: pé ohun tó hàn nínú notebook ni ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Rárá o. Àwòrán lẹ̀ ń wò. Ẹni tó fi fọ́tò ìyàwó rẹ̀ sínú àpamọ́wọ́ mọ̀ pé ìyàwó ò sí níbẹ̀.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ kò le rárá. Tí ìlà tó gbẹ̀yìn nínú cell (àpótí tí a ń kọ kóòdù sí nínú notebook) bá jẹ́ orúkọ nǹkan kan, IPython tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Jupyter yóò wò ó bóyá nǹkan náà ní _repr_html_, ìyẹn kóòdù tó ń sọ bó ṣe máa hàn. Bó bá ní in, yóò pè é, èyí yóò kó ọ̀rọ̀ HTML (èdè tí bíráwúsà fi ń to ojú ìwé) fún un, bíráwúsà yóò sì fi yàwòrán. Bí kò bá ní in, __repr__ la ó rí, lẹ́tà lásán. Ìdí nìyẹn tí df fi ń jáde bí àtẹ tó gún régé, tí print(df) sì ń jáde bí ohun tí wọ́n fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ tẹ̀. Ẹni tó kọ _repr_html_ ló pinnu ohun tí ẹ máa rí, kò sì sí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òótọ́ ló sọ. Ẹ dán èyí wò:

class Oja:
    def __init__(self, apo):
        self.apo = apo
    def _repr_html_(self):
        return "<b>Ìrẹsì ti tà tán!</b>"

Oja(40)

"Ìrẹsì ti tà tán!" ló máa jáde, lẹ́tà rẹ̀ á dúdú kìrìkìrì, bẹ́ẹ̀ àpò 40 ṣì wà nínú ṣọ́ọ̀bù.

Pandas, irinṣẹ́ Python tó ń ṣe àtẹ bíi df, kì í purọ́ báyẹn, àmọ́ ó máa ń fi nǹkan pamọ́. Bí ìlà bá ju 60 lọ, 5 ló máa fi hàn lókè, 5 nísàlẹ̀, á wá fi àmì tótótó dí àárín. Bí òpó bá ju 20 lọ, ó tún gé àárín yẹn náà. 0.1 + 0.2 á hàn bíi 0.3 nínú àtẹ, ẹ bi í bóyá ó dọ́gba pẹ̀lú 0.3, yóò ní False, torí 0.30000000000000004 ló wà nínú lọ́hùn-ún.

Ibi tó ti ń dunni jù rèé. Ká ní fáìlì CSV kan (àtẹ tí wọ́n kọ ní lẹ́tà lásán, tí kọ́mà ń pín) ní ìlà 3,000, iye owó sì wà nínú òpó kan. Ní ìlà 1,742, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kọ "kò sí" síbi tó yẹ kí náńbà wà. Ọ̀rọ̀ kan péré yẹn ti tó láti sọ gbogbo òpó náà di lẹ́tà lójú pandas. Ẹ ò sì ní rí i, àárín tó gé kúrò ló wà. Èyí tẹ́ ẹ rí lókè, 1200, 850, wọ́n jọ náńbà, Jupyter tún tì wọ́n sápá ọ̀tún bíi náńbà. Ẹ wá ní kó bá yín ro ó pọ̀, dípò kí 1200 àti 850 di 2050, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ra, 1200850, ó ń lẹ̀ wọ́n lọ bẹ́ẹ̀ títí dé ìlà 3,000. Ẹ tẹ df.dtypes, tó ń sọ irú dátà tó wà nínú òpó kọ̀ọ̀kan, ná kẹ́ ẹ tó gba àtẹ kankan gbọ́. Bó bá kọ object tàbí str síwájú owó, wàhálà ti wà nílẹ̀.

Àwa Yorùbá tún ní tiwa lọ́tọ̀. Kíbọ́ọ̀dù kan á tẹ ọ gẹ́gẹ́ bí àmì kan ṣoṣo, U+1ECD. Òmíràn á tẹ o, á wá fi àmì ìsàlẹ̀ U+0323 lé e. Lójú, kò sí ìyàtọ̀. Lójú Python, ọ̀rọ̀ méjì ni. Ẹ kó orúkọ ìlú jọ pẹ̀lú groupby, Ọ̀yọ́ á jáde lẹ́ẹ̀mejì nínú àtẹ bí ìbejì, ẹ ó sì máa bi ara yín pé ta ló bí wọn. unicodedata.normalize("NFC", ìlú) ló ń sọ wọ́n di ẹyọ kan.

Mi ò ní kẹ́ ẹ pa HTML tì o. Ẹ wo ti xarray, irinṣẹ́ Python mìíràn fún dátà: orúkọ, ìwọ̀n, àti irú dátà bíi float64 ló kọ́kọ́ máa ń gbé síwájú, kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ láti rí gbogbo náńbà inú rẹ̀. Lójú tèmi, bó ṣe yẹ kí pandas náà ṣe nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá ń kọ tiyín, ẹ kọ irú dátà síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó hàn pé ẹ gé nǹkan kúrò. Ẹ má gbàgbé html.escape, tó ń sọ àmì HTML di lẹ́tà lásán, torí bí ẹnì kan bá tẹ "<kò sí>" sínú fáìlì, bíráwúsà á rò pé àṣẹ HTML ni, á gbé e mì, àyè òfo lẹ máa rí.

Ká padà sọ́dọ̀ àbúrò mi. JSON, ọ̀rọ̀ lásán tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ, ni fáìlì .ipynb tí notebook wà nínú rẹ̀, inú rẹ̀ ni HTML àtẹ náà wà, kódà lẹ́yìn tí kernel (ètò tó ń ṣiṣẹ́ kóòdù, tó sì di dátà mú) bá ti kú. (Ẹni tó fi orúkọ aláìsàn hàn nínú cell kan, tó wá yọ òpó yẹn ní cell kejì, orúkọ wọn ṣì wà nínú fáìlì tó fẹ́ fi ránṣẹ́. Ó ní láti pa àtẹ àkọ́kọ́ yẹn rẹ́.) Mo ní kó tẹ "Restart Kernel and Run All Cells", kí gbogbo ẹ̀ tún ṣiṣẹ́ látòkè. Ó tẹ̀ ẹ́. Cell kejì yọ pupa: FileNotFoundError.

"CSV yẹn dà?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Mo ti pa á rẹ́ lánàá, ẹ̀gbọ́n. Mo ti rí i pé ó ti wà nínú notebook."

Ìlà 10 ló kù sí i lọ́wọ́.