Àlàyé Ọ̀rọ̀: Àyọkà Alálàfo nínú Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì Gaokao

Gaokao ni ìdánwò àṣewọlé sí yunifásítì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ orílẹ̀-èdè Ṣáínà máa ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ń parí ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì. Ìjọba dá a dúró ní 1966, wọn kò sì dá a padà títí di 1977. Èdè Ṣáínà, ìṣirò àti èdè òkèèrè ni iṣẹ́ mẹ́ta tí kò sí ẹni tí kò ní ṣe é, máàkì 150 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ ń mú gẹ́gẹ́ bí èdè òkèèrè. Ọ̀sán ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ni ó sábà máa ń bọ́ sí, wákàtí méjì ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Inú ìwé ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì yìí ni a ti bá apá kan tí wọ́n ń pè ní yǔfǎ tiánkòng, èyí tí mo pè ní àyọkà alálàfo nínú àlàyé yìí.

Àwọn tó ń ṣètò ìdánwò á mú àyọkà kúkúrú kan tí kò ju nǹkan bí igba ọ̀rọ̀ lọ, wọ́n á yọ ọ̀rọ̀ kúrò ní ibi mẹ́wàá nínú rẹ̀, wọ́n á sì fi àlàfo sílẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn àlàfo náà, wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ kan bí ó ṣe wà gan-an nínú ìwé atúmọ̀ èdè, akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò sì yí i padà sí ìrísí tó bá gbólóhùn náà mu. Àwọn àlàfo tó kù kò ní ọ̀rọ̀ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ni yóò ronú kan ọ̀rọ̀ ẹyọ kan, bóyá the tàbí a, bóyá ọ̀rọ̀ atọ́kùn, bóyá ọ̀rọ̀ asopọ̀, bóyá which, who àti irú wọn. Àlàfo kọ̀ọ̀kan ní máàkì kan àti ààbọ̀, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 15. Kò sí ìdáhùn mẹ́rin tí a tò sílẹ̀ kí ènìyàn fi ojú mú ọ̀kan nínú wọn. Èyí ni ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó ń jẹ́ wánxíng tiánkòng, tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ 15 tí ìdáhùn mẹ́rin sì wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yìí, bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ nínú àyọkà ni ó ń tọ́ka sí ìdáhùn ju gírámà lọ.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, àti àwọn olùkọ́ kan pẹ̀lú, gbà pé òfin gírámà nìkan ni àyọkà alálàfo ń wò, pé ẹni tí ó bá ti há òfin sórí ti parí iṣẹ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Òfin ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n àkàyé ni àyọkà alálàfo ń wò láti ìsàlẹ̀ wá, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ ẹni tó ṣe nǹkan, ẹni tí a ṣe é fún, ìgbà tí ó ṣẹlẹ̀ àti ìdí tí ó fi ṣẹlẹ̀ nínú gbólóhùn kan kò lè mọ òfin tí ó yẹ kí ó lò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan tí mo kọ fúnra mi wò ó.

The old tea house, ___ stands beside the river, ___ by three brothers in 1936. Visitors often find it ___ to leave, because the ___ of the place stays with them.

Àlàfo àkọ́kọ́ kò ní ọ̀rọ̀ kankan. Ọ̀rọ̀ tí a fún akẹ́kọ̀ọ́ fún èkejì ni build, ti ẹ̀kẹta ni difficulty, ti ẹ̀kẹrin sì ni warm. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń kánjú yóò rí stands, yóò sọ pé gbólóhùn ti ní ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀, yóò fi it sí àlàfo àkọ́kọ́, yóò sì kọ built sí èkejì láìfi was ṣáájú rẹ̀. Lójú rẹ̀, gbólóhùn náà dára, nítorí pé ó yé e: ilé tíì kan wà, ó wà lẹ́bàá odò, àwọn arákùnrin mẹ́ta ni wọ́n kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kò tíì béèrè ohun tí gbólóhùn náà ń sọ gan-an nípa ilé tíì yìí. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn kan kọ́ ọ ní 1936. Pé ó wà lẹ́bàá odò jẹ́ àlàyé tí wọ́n kàn fi bọ àárín ọ̀rọ̀. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá rí ìyẹn, kò ní ṣòro fún un mọ́ láti rí i pé which ni yóò so àlàyé náà mọ́ ilé, pé was built ni yóò sì gbé gbólóhùn náà ró, nítorí pé ilé kì í kọ́ ara rẹ̀ àti nítorí pé ọdún náà ti kọjá. Àlàfo ẹ̀kẹta ń fẹ́ difficult, nítorí pé wọ́n ń ṣàpèjúwe bí kíkúrò níbẹ̀ ṣe rí lára àlejò. Ẹ̀kẹrin ń fẹ́ warmth, nítorí pé the ṣáájú rẹ̀, of sì tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀-orúkọ nìkan ni ó sì lè jókòó sáàárín àwọn méjèèjì.

Ìdí tí irú gbólóhùn yìí fi ń ṣòro fún ẹni tó ń sọ èdè Ṣáínà ṣe é rí. Ọ̀rọ̀-ìṣe èdè Ṣáínà kì í yí ìrísí padà nítorí àsìkò tàbí nítorí olùwà. Bí nǹkan bá ti ṣẹlẹ̀ tán, ọ̀rọ̀ kékeré bí le lè fi hàn, tàbí kí a dárúkọ ọjọ́. Ọ̀rọ̀-orúkọ kì í yí padà tí ó bá di púpọ̀, kò sì sí ohun tó dúró fún the àti a. Títí dé ibí yìí, ọmọ Yorùbá tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì yóò rí ara rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ọ̀nà ti yà. Nínú èdè Ṣáínà, ohun tó ń ṣàpèjúwe ọ̀rọ̀-orúkọ gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀, bí ó ti wù kí ó gùn tó: hé biān de lǎo cháguǎn, ẹ̀bá odò ni wọ́n kọ́kọ́ dá, kí wọ́n tó dárúkọ ilé tíì. Àwa ń sọ pé ilé tíì àtijọ́ tí ó wà lẹ́bàá odò, awẹ́ gbólóhùn wa ń tẹ̀ lé orúkọ gẹ́gẹ́ bí ti Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ Ṣáínà bá kan àmì kómà lẹ́yìn house, tí àlàyé gígùn sì tẹ̀ lé e, ohun tí etí rẹ̀ ti mọ́ láti kékeré yóò máa sọ fún un pé ọ̀rọ̀ tuntun ti bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ó le jù lọ, lójú tèmi, ni ohun tí àwọn olùkọ́ wọn ń pè ní fēi wèiyǔ dòngcí, ìyẹn àwọn ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe tí kò lè gbé gbólóhùn ró: to wait, waiting, tàbí awaited gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà nínú the long-awaited day. Èdè Ṣáínà fàyè gba kí ọ̀rọ̀-ìṣe méjì tàbí mẹ́ta tẹ̀ lé ara wọn láìsí ohunkóhun tó so wọ́n pọ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe asínpọ̀ tiwa. Wọ́n ń sọ pé wǒ qù mǎi yīfu, àwa ń sọ pé mo lọ ra aṣọ, ọ̀rọ̀ sì bá ọ̀rọ̀ mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: wǒ ni mo, qù ni lọ, mǎi ni ra, yīfu ni aṣọ. Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀-ìṣe kan ni yóò gbé e ró. Bí èkejì bá fẹ́ wọlé, yálà kí ó bá ọ̀rọ̀ asopọ̀ wọlé tàbí kí ó yí ìrísí rẹ̀ padà.

Ẹ wo gbólóhùn yìí: She sat by the window, ___ for her father. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fún wa ni wait. Tā zuò zài chuāng biān děng bàba ni ọmọ Ṣáínà yóò gbọ́ nínú ara rẹ̀, zuò fún ìjókòó, děng fún dídúró de ènìyàn, méjèèjì tẹ̀ lé ara wọn láìsí ìdènà. Nítorí pé sat ti wà ní àsìkò tó kọjá, yóò kọ waited, yóò sì dá a lójú pé òun gba máàkì níbẹ̀. Waiting ni ìdáhùn, nítorí pé kómà nìkan kò lágbára láti so ọ̀rọ̀-ìṣe méjì pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ṣètò ìdánwò bá yọ kómà yẹn, tí ó sì fi and sí ipò rẹ̀, waited yóò di ìdáhùn tó tọ̀nà. Ọ̀rọ̀ onílẹ́tà mẹ́ta péré ni ó yí gbogbo rẹ̀ padà, ẹni tí ó bá sì wo àlàfo nìkan láìwo ohun tó yí i ká kò lè rí i.

Láti inú èyí ni òfin kan ti wá tí àwọn olùkọ́ ibẹ̀ fi ń kọ́ni, tí mo sì fẹ́ràn gan-an: ka àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń gbé gbólóhùn ró, yọ ẹyọ kan kúrò, ohun tó kù ni iye ọ̀rọ̀ tó gbọ́dọ̀ so wọ́n pọ̀. Nínú gbólóhùn àkọ́kọ́ nípa ilé tíì, stands àti was built jẹ́ méjì, nítorí náà asopọ̀ kan ni ó yẹ kó wà, which sì ni. Nínú èkejì, find àti stays jẹ́ méjì, because sì ni asopọ̀ wọn. Nínú gbólóhùn nípa fèrèsé, kò sí asopọ̀ kankan, nítorí náà sat nìkan ni ó ní ẹ̀tọ́ láti gbé e ró.

Ọ̀rọ̀ asopọ̀ ní ìdẹkùn tirẹ̀. Ní èdè Ṣáínà, méjì méjì ni wọ́n sábà ń rìn: suīrán (bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé) ní iwájú, dànshì (ṣùgbọ́n) ní ẹ̀yìn, yīnwèi (nítorí pé) ní iwájú, suǒyǐ (nítorí náà) ní ẹ̀yìn. Àwa náà ń sọ pé bí ọ̀nà tilẹ̀ jìn, síbẹ̀ àwọn ọmọ náà ń rìn ín. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kan ___ the road was long, the children walked it every day, tí kò sì rí but lẹ́yìn kómà, ọkàn rẹ̀ lè má lọ sí Although rárá, nítorí pé ìkejì tó máa ń bá a rìn kò sí níbẹ̀. Bí ó bá sì wá sí i lọ́kàn, kí ó rántí pé lẹ́tà ńlá ni yóò fi bẹ̀rẹ̀.

Apá àkàyé nínú ìdánwò náà ní máàkì 50, ìbéèrè 20 sì ni ó wà níbẹ̀. Màrùn-ún nínú wọn jẹ́ ti qī xuǎn wǔ: wọ́n yọ gbólóhùn márùn-ún kúrò nínú àyọkà, wọ́n sì fún akẹ́kọ̀ọ́ ní méje kí ó dá márùn-ún tó tọ̀nà padà sí àyè wọn. Gírámà ni ó ń gbani níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí gbólóhùn tó ṣáájú àlàfo bá jẹ́ Many students copy new words into a notebook and never open it again, tí àwọn tí a lè mú sì jẹ́ This habit costs them more time than it saves àti However, he finally found his notebook, ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ tó jọra yóò mú èkejì nítorí notebook. Ṣùgbọ́n he ta ni? Kò sí ọkùnrin kankan nínú ọ̀rọ̀ tó ṣáájú. This habit ní ìwà kan tó ń tọ́ka sí, them náà ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tọ́ka sí. Ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ ni ó fi ìdáhùn hàn. Mo sì rí ìdí tí èyí fi nílò àkíyèsí púpọ̀ lọ́dọ̀ ọmọ Ṣáínà: nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, tā kan náà ni wọ́n ń lò fún ọkùnrin àti obìnrin, gẹ́gẹ́ bí “ó” tiwa.

Ní ti ìdánrawò, àṣà tí ó gbilẹ̀ jù ni shuā tí, ìyẹn kí akẹ́kọ̀ọ́ máa ṣe ìwé ìdánwò àtijọ́ lọ́kan-ò-jọ̀kan, kí ó máa fi ìdáhùn wéra, kí ó ka máàkì, kí ó sì ṣí òmíràn. Ó ń jẹ́ kí ọwọ́ yá, n kò sì ní sọ pé kò wúlò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣe àyọkà kan tí ó sì lè sọ ìdí tí gbogbo àlàfo mẹ́wàá fi rí bí wọ́n ṣe rí yóò jèrè ju ẹni tí ó ṣe márùn-ún tí ó kàn ka máàkì lọ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ka àyọkà náà tán láìmú bírò lọ́wọ́, kí ó lè mọ ohun tí wọ́n ń sọ àti ìgbà tí ó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń gbé gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ró, kí ó tó fọwọ́ kan àlàfo kankan. Nígbà tí ó bá dí gbogbo rẹ̀ tán, kí ó kà á padà sókè ketekete.

Àṣìṣe ni ó yẹ kó ní ìwé tirẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní cuòtí běn. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní i, ṣùgbọ́n ìdáhùn tó tọ̀nà nìkan ni àwọn kan ń kọ síbẹ̀, èyí kò sì tó. Fún àṣìṣe orí gbólóhùn fèrèsé, kí ó da gbogbo gbólóhùn náà kọ, kí ó kọ waited tí ó kọ́kọ́ fi síbẹ̀, kí ó wá fi èdè ara rẹ̀ kọ ohun tó ṣì í lọ́nà: mo rí sat, mo gbàgbé pé kò sí and. Kí ó kọ waiting, kí ó sì ṣe gbólóhùn méjì tuntun, ọ̀kan tí kómà wà nínú rẹ̀ àti ọ̀kan tí and wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, kí ó mú ẹ̀dà àyọkà náà tí kò tíì kọ nǹkan sí, kí ó tún un ṣe láìwo ìwé àṣìṣe yẹn; àlàfo tí ó bá tún ṣì ni kí ó mú lọ bá olùkọ́ rẹ̀.