Okùn sójà tó kéré: ṣé t'obìnrin ni lóòótọ́?

Bí ẹ bá ń wo ibi tí wọ́n ti ń ta ẹrù ogun àtijọ́ l'Amẹ́ríkà, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí okùn apá kékeré kan tó ń fi ipò sójà hàn (rópù ni àwọn sójà tiwa ń pè é), tí ìbú rẹ̀ kò ju ínǹṣì méjì lọ. Ẹni tó ń tà á á ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé t'obìnrin ni, láti ìgbà Ogun Hítílà, iye owó rẹ̀ á sì ti lọ sókè nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. Ohun tí wọ́n gbà ni pé apá obìnrin kéré sí t'ọkùnrin, nítorí náà okùn kékeré ni tiwọn. Ó dùn ún gbọ́ létí. Àmọ́ lásìkò ogun yẹn gan-an, okùn kan náà ni tọkùnrin tobìnrin ń rán mọ́ apá.

Oṣù Karùn-ún 1942 ni ìjọba Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ WAAC sílẹ̀, àwọn obìnrin tó ń ran iṣẹ́ ológun lọ́wọ́ láì tíì di ológun pátápátá. Nígbà tó di oṣù Keje 1943, ó di WAC, wọ́n sì wọnú iṣẹ́ ológun gidi. Ẹ wá àwòrán ikọ̀ 6888, àwọn obìnrin adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tí Mejọ̀ Charity Adams kó wá sí Birmingham ní Bìrìtìkó ní 1945, tí wọ́n ń to lẹ́tà àwọn sójà tó ti kún ilé. Ẹ wo apá wọn dáadáa. Okùn ibẹ̀ lé ní ínǹṣì mẹ́ta, bí ti ọkùnrin ṣe rí. Ibi tí ìgbàgbọ́ òdì yìí ti ń ṣe jàǹbá jù nìyí: ẹlòmíì á ra jákẹ́ẹ̀tì WAC ojúlówó, á rí okùn ńlá lára rẹ̀, á ní wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, á fi bíléèdì tú u, á wá rán kékeré sí i. Ó ti ba ẹrù rere jẹ́ nìyẹn.

Níbo wá ni okùn kékeré ti wá? Ní oṣù Kẹfà 1948, wọ́n fọwọ́ sí òfin tó sọ obìnrin di ara iṣẹ́ ológun títí lọ, kì í ṣe ti ìgbà ogun nìkan mọ́. Ní oṣù Keje ọdún náà, ilé iṣẹ́ ológun yí okùn padà sí oníínǹṣì méjì fún gbogbo sójà, ọkùnrin àti obìnrin. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò tan mọ́ra, ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n ṣẹlẹ̀ tẹ̀léra, ó rọrùn kéèyàn so wọ́n pọ̀.

Oríṣi méjì ni okùn 1948 yìí. Èyí tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ wúrà, tí okùn orí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ aró, ti àwọn ikọ̀ tó ń jagun ni. Èyí tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ aró, tí okùn rẹ̀ jẹ́ wúrà, ti àwọn tó kù ni. Wọn kì í sì í mú obìnrin sínú ikọ̀ tó ń jagun nígbà náà. Nítorí náà, okùn kékeré onílẹ̀ wúrà tí wọ́n ń pè ní t'obìnrin yẹn, ó ṣòro kó jẹ́ t'obìnrin rárá! Oníwúrà lórí aró lè jẹ́ ti ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì.

Ọdún 1951 ni wọ́n dá okùn ńlá padà fún ọkùnrin, tí wọ́n fi kékeré sílẹ̀ fún obìnrin. Àwọ̀ kan ṣoṣo ló kù: kákí tó ṣú, lórí aró. Kékeré tó bá ní àwọ̀ yìí, t'obìnrin ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni kékeré oníwúrà lórí ewéko tó tẹ̀ lé e, nígbà tí aṣọ ológun di aláwọ̀ ewé. Ẹ ò rí i pé àwọn ìyá tó ṣiṣẹ́ ológun lẹ́yìn 1951, tí wọ́n ń sọ pé kékeré làwọn wọ̀, irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa. Àwa la gbé ọ̀rọ̀ wọn sẹ́yìn dé ìgbà ogun.

Ẹ ṣọ́ra fún kíka ipò náà pẹ̀lú. Okùn mẹ́ta tó ṣónṣó lókè, tó ní ìlà kan tó tẹ̀ bí ọrun nísàlẹ̀, staff sergeant ni nígbà ogun. Láti 1948 títí di 1958, sájẹ́ǹtì lásán ni.

Ère orí Athena, òrìṣà obìnrin àwọn Gíríìkì, tó dé akoto, tó wà ní kọ́là, kì í ṣe ipò. Ẹgbẹ́ WAC ló ń tọ́ka sí. Bó bá wà lórí bọ́tìnnì pẹlẹbẹ, sójà lásán ló ni ín. Bí wọ́n bá gé e ní orí nìkan, ti òfíísà ni. Ní ti àwọn nọ́ọ̀sì Army Nurse Corps, òfíísà ni gbogbo wọn, torí náà aṣọ wọn kò gbọdọ̀ ní okùn ipò sójà lásán kankan lápá. Èyí tó bá ní, ẹ fura sí i.

Okùn tí ẹnu rẹ̀ dojú kọlẹ̀, bíi ti àwọn sójà wa, ẹ má wá a lọ́dọ̀ WAC. Bìrìtìkó ni kí ẹ wò, lọ́dọ̀ ATS (àwọn obìnrin ológun orí ilẹ̀) tàbí WAAF (àwọn obìnrin ológun òfurufú). Ọ̀dọ̀ ọkọ̀ ogun ojú omi Bìrìtìkó ni àwọ̀ ti ń sọ ẹni tó ni nǹkan nígbà ogun. Ìlà wúrà ni òfíísà ọkùnrin ní lọ́rùn ọwọ́, èyí tó wà lókè sì ká róbótó. Ti àwọn WRNS, ìyẹn àwọn obìnrin ológun ojú omi, jẹ́ búlúù, ó sì ní igun mẹ́rin bíi dáyámọ́ńdì dípò róbótó náà. Àwọn kan ní búlúù yẹn fi hàn pé akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n. Rárá o. Iye ìlà ni kí ẹ kà: ọ̀kan, Third Officer, méjì, Second Officer, méjì pẹ̀lú tẹ́ẹ́rẹ́ kan láàárín, First Officer, tí ipò rẹ̀ bá ti Lieutenant Commander ọkùnrin dọ́gba.